Sir James Dewar, Ẹni tí Ó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ooru (1842–1923)

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn àwọn ẹni ńlá, àwọn ọba àti àwọn jagunjagun ni a sábà máa ń bá pàdé. A rò pé ó tọ́ kí àyè wà nínú ìwé yìí fún ẹni kan tí kò jọba, tí kò sì jagun, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ilé púpọ̀ láìjẹ́ pé àwọn onílé mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni náà ni Sir James Dewar, ọmọ ilẹ̀ Scotland. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣe irú fúláàsì tí a ń rọ omi gbígbóná sí, tí a bá jí ní òwúrọ̀ tí omi náà yóò ṣì gbóná tó fún tíì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tíì ni ó ṣe ṣe é. Nítorí òtútù ni. Nítorí òtútù tí ó lágbára dé ibi pé afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú pàápàá yóò di omi, tí a ó sì lè rọ ọ́ láti inú ife kan sí òmíràn. Lónìí, àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ ńlá kan ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n fẹ́ kí iná irú ti oòrùn máa jó nínú rẹ̀, kò lè ṣe láìlo ọgbọ́n tí ọkùnrin yìí kọ́ wọn. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a yẹ ìgbésí ayé rẹ̀ wò, ibi tí ó dára àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Ní ọjọ́ 20 oṣù September, ọdún 1842, ni a bí James Dewar ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Kincardine, ní etí odò Forth. Bàbá rẹ̀, Thomas Dewar, jẹ́ oníṣòwò ọtí wáìnì, James sì ni àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Ní ilẹ̀ wọn, bí ìgbà òtútù bá dé, ojú adágún omi a máa di yìnyín líle tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń sáré lórí rẹ̀. Nígbà tí James di ọmọ ọdún 10, yìnyín ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì rì sínú omi tútù náà. Wọ́n yọ ọ́ láàyè, ṣùgbọ́n ibà líle kan tẹ̀ lé e, tí ó wọ inú oríkèé ara rẹ̀, tí ó sì sọ ọ́ di aláìlera fún nǹkan bí ọdún méjì. Kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́, kò sì lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ déédéé.

Ìgbà ìpọ́njú yìí ni ó di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Káfíńtà kan ní ìlú náà ni ó kọ́ ọmọ náà bí a ti ń ṣe fàyólíìnì, irú gòjé tí àwọn òyìnbó ń ta. Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Igi rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ kí ó tó lè dún, bí ọwọ́ bá sì ṣì í díẹ̀, ó fọ́ nìyẹn. Níbẹ̀ ni ìka ọwọ́ James ti mọ́ iṣẹ́ kíkúnná, nígbà tí ó sì dàgbà tán, ó a máa jẹ́wọ́ pé kò sí ẹ̀kọ́ tí ó ṣe òun láǹfààní tó ìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn fàyólíìnì náà, tí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún 1854 sí, ni a ta níbi àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó rẹ̀ ní ọdún 1921.

Àwọn òbí rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 15. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Dollar Academy, lẹ́yìn náà ó wọ Yunifásítì Edinburgh, níbi tí ó ti di olùrànlọ́wọ́ fún Lyon Playfair, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì. Ní ọdún 1871 ó fẹ́ Helen Rose Banks ní aya. Wọn kò bímọ. Ní ọdún 1875 a yàn án ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, ní ọdún 1877 ẹ̀wẹ̀ a tún yàn án ní ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù. Ipò méjèèjì ni ó di mú títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni ọkàn rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí.

Kí a tó lè mọ iyì iṣẹ́ náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ìgbà náà ń lépa. Bí a bá gbé omi ka iná, yóò di èéfín. Bí èéfín náà bá kan ìdérí ìkòkò tí ó tutù, yóò tún di omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ gáàsì: bí a bá fún wọn pọ̀, tí a sì mú wọn tutù, wọn a di omi. Michael Faraday ti fi èyí hàn ní Royal Institution kan náà ní ọdún 1823. Ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ nínú wọn tí kò gbà: ọ́síjìn àti náítírójìn, tí afẹ́fẹ́ tí a ń mí jẹ́ àdàlú wọn, àti háídírójìn. Àwọn ènìyàn rò pé irú àwọn wọ̀nyí kò ní di omi láéláé. Ní ọdún 1877 Cailletet ní ilẹ̀ Faransé àti Pictet ní ilẹ̀ Switzerland rí ọ́síjìn bí ìkùukùu kékeré tí ó hàn tí ó sì pòórá. Ní ọdún 1883 Wróblewski àti Olszewski ní ìlú Kraków mú un dúró gẹ́gẹ́ bí omi nínú ife, tí wọ́n sì rí i bí ó ti ń hó. Kò pẹ́ tí Dewar pẹ̀lú fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é, ó sì ń fi í han àwùjọ níbi àwọn ìpàdé alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ìṣòro ńlá kan wà níbẹ̀. Ọ́síjìn olómi a máa hó ní ìwọ̀n 183 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lójú rẹ̀, yàrá tí ó tutù jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù dà bí ààrò tí iná ń jó nínú rẹ̀. Bí a bá rọ ọ́ sínú ife lásán, yóò hó kùkù, yìnyín yóò bo ara ife náà títí a kò fi ní rí inú rẹ̀, láìpẹ́ kò ní kù kán. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí àti owó púpọ̀ yóò sì fò lọ lójú ẹni. A lè ṣe òtútù náà, ṣùgbọ́n a kò lè pa á mọ́.

Níbí ni ọgbọ́n Dewar ti hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé òtútù jẹ́ ohun kan tí a lè kó sínú àpò bí iyọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru ni ó wà. Òtútù kì í ṣe nǹkan bí kò ṣe àìtó ooru. Ohun tí ó tutù kò pàdánù òtútù rẹ̀. Ooru ni ó ń wọ̀ ọ́ lára láti ìta. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ pa òtútù mọ́ gbọ́dọ̀ ṣe bí olùṣọ́ ilé: kí ó ka gbogbo ilẹ̀kùn tí olè lè gbà wọlé, kí ó sì tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mẹ́ta ni àwọn ilẹ̀kùn náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n nínú ilé ìdáná. Bí a bá fi ṣíbí irin sílẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀ tí ń hó, ìdí ṣíbí náà yóò jó wa lọ́wọ́: ooru ti gba ara irin kọjá. Bí a bá na ọwọ́ sókè lórí ààrò, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń lọ sókè yóò kàn án: afẹ́fẹ́ ti gbé ooru rìn. Bí a bá sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iná ní alẹ́, ojú wa yóò gbóná bí ẹ̀yìn wa tilẹ̀ tutù: ooru ti tàn wá bí ìmọ́lẹ̀, láìgba ara ohunkóhun. Nípa ìtànṣán yìí ni ooru oòrùn fi ń la òfìfo ojú ọ̀run kọjá wá sọ́dọ̀ wa.

Ní ọdún 1892 Dewar mú ife gíláàsì kan, ó fi í sínú òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ díẹ̀, ó jó ẹnu àwọn méjèèjì pọ̀, ó sì fa gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó wà láàrin wọn jáde. Òfìfo ni ó kù láàrin ògiri méjèèjì. Níwọ̀n bí afẹ́fẹ́ kò ti sí níbẹ̀, kò sí ohun tí yóò gbé ooru rìn. Níwọ̀n bí ògiri inú àti ògiri òde kò sì ti fi ara kan ara wọn bí kò ṣe ní ẹnu nìkan, ọ̀nà tóóró yẹn nìkan ni ooru lè gbà nínú gíláàsì. Báyìí ni ó fi ti ilẹ̀kùn méjì. Ilẹ̀kùn kẹta, tí í ṣe ti ìtànṣán, ni ó kù. Nítorí ìtànṣán kò bẹ̀rù òfìfo. Fún èyí, ó fi fàdákà kun ojú gíláàsì náà níhà ti òfìfo, kí ó máa dán bí dígí. Bí dígí ti ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni fàdákà náà ń dá ìtànṣán ooru padà síbi tí ó ti wá. Omi afẹ́fẹ́ tí kì í pẹ́ gbẹ tẹ́lẹ̀ wá ń jókòó pẹ̀lẹ́ nínú igò náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Kò dúró níbẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ tí ó lè fa afẹ́fẹ́ jáde tán pátápátá, àti pé ìwọ̀nba tí ó bá ṣẹ́kù yóò máa gbé ooru wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó ṣàwárí pé èédú, bí a bá mú un tutù gidigidi, a máa fa gáàsì mọ́ra bí kànìnkànìn ti ń fa omi. Èédú tí ó sì rí pé ó dára jù lọ ni èyí tí a fi èèpo líle àgbọn jó. Ẹ wo bí ó ti yani lẹ́nu tó, pé èèpo àgbọn tí a ń dà sí ààtàn ni ó mú òfìfo tí ó mọ́ jù lọ nígbà náà wá sí ọwọ́ àwọn onímọ̀.

Pẹ̀lú igò yìí lọ́wọ́ rẹ̀, Dewar dojú kọ háídírójìn. Bí a bá fún gáàsì pọ̀, tí a sì jẹ́ kí ó gba ojú ihò tóóró tú jáde, yóò tutù sí i, ṣùgbọ́n ti háídírójìn kò rí bẹ́ẹ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ ti mú un tutù gidigidi. Dewar fi afẹ́fẹ́ olómi mú un tutù ṣáájú, lẹ́yìn náà ó tú u sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù May, ọdún 1898, háídírójìn kán sínú igò rẹ̀. Kò ju ṣíbí ìmubẹ̀ bíi méjì lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 253 nísàlẹ̀ òdo, ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí tí ó sì mú nǹkan dúró níbẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó sọ háídírójìn náà di líle. Iṣẹ́ náà léwu púpọ̀, nítorí gáàsì tí a fún pọ̀ lè fọ́ irin bí ìbọn. Méjì nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni ojú kọ̀ọ̀kan wọn fọ́ níbẹ̀. Kò yẹ kí a gbàgbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń yin ọ̀gá wọn.

Nígbà náà gáàsì kan ṣoṣo ni ó kù, èyí ni hílíọ́ọ̀mù. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni a ti kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀ ní ọdún 1868, kò sì sí ẹni tí ó rí i ní ayé títí di ọdún 1895, nígbà tí William Ramsay, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Lọ́ńdọ̀nù, rí i nínú òkúta kan. Ẹni méjì ni wọ́n wà nínú ìlú kan náà: Ramsay ní hílíọ́ọ̀mù, Dewar sì ní òtútù. Bí wọ́n bá ti fi ọwọ́ so ọwọ́, a kò rò pé ẹnikẹ́ni ì bá ṣáájú wọn dé ibẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n ìjà wà láàrin wọn nítorí ta ni ó kọ́kọ́ ṣe kí ni. Dewar jẹ́ ẹni tí inú máa ń tètè bí, tí kì í gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ àṣírí iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ̀ láti tọ Ramsay lọ. Ó lọ ń gba hílíọ́ọ̀mù nínú gáàsì tí ń bá omi gbígbóná ìlú Bath jáde láti inú ilẹ̀. Gáàsì yẹn kò mọ́, neon wà nínú rẹ̀. Bí òtútù bá sì ti dé ibì kan, neon náà a di líle, a sì dí àwọn ihò ẹ̀rọ rẹ̀ pa. Báyìí ni ó ń ṣe làálàá lọ, tí ọdún sì ń gorí ọdún.

Ní àkókò kan náà, ọkùnrin mìíràn wà ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Holland tí ń jẹ́ Heike Kamerlingh Onnes. Òun kò yára bíi ti Dewar. Dípò kí ó sáré, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń kọ́ bí a ti ń fẹ́ gíláàsì àti bí a ti ń ṣe ẹ̀rọ kíkúnná. Ó sì ń tẹ gbogbo ohun tí ó bá ṣe jáde kí ayé lè kà á. Arákùnrin rẹ̀ kan bá a rí iyanrìn monazite púpọ̀ tí hílíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ohun gbogbo pé, ní ọjọ́ 10 oṣù July, ọdún 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí aago mẹ́fà òwúrọ̀ tó lù. Igò Dewar ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n wọ́n fi wọ́n sínú ara wọn bí aṣọ tí a wọ̀ lé aṣọ: hílíọ́ọ̀mù ní àárín gbùngbùn, háídírójìn olómi yí i ká, afẹ́fẹ́ olómi yí ìyẹn náà ká. Ooru tí ń bọ̀ láti ìta ni afẹ́fẹ́ olómi kọ́kọ́ gbà. Èyí tí ó bá kọjá ni háídírójìn gbà. Ìwọ̀nba kékeré ni ó dé ọ̀dọ̀ hílíọ́ọ̀mù. Ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́ wọ́n rí i, omi tí ó mọ́ gaara, tí kò tó ife tíì kan, ní ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ òdo. Ìwọ̀n mẹ́rin péré ni ó fi wà lókè ibi tí òtútù ti parí, nítorí kò sí ohun tí ó lè tutù ju 273 lọ.

Ní ọdún 1911 a rí ohun ìyanu ní Leiden: nínú òtútù hílíọ́ọ̀mù olómi yìí, mẹ́kúrì kò ní ìdènà kankan mọ́ fún iná mànàmáná. Iná tí a bá rán sínú rẹ̀ ń yí ká láìrẹ̀, láìsì mú ooru kankan wá. A fún Kamerlingh Onnes ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1913. Dewar kò gbà á rí.

Ìpàdánù mìíràn tún dé bá a. Kò gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí igò rẹ̀, nítorí fún ìmọ̀ ni ó ṣe é. Reinhold Burger, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí i pé igò tí kò jẹ́ kí ooru wọlé kò ní jẹ́ kí ó jáde pẹ̀lú. Ó fi irin bò ó, ó gba àṣẹ tirẹ̀ ní ọdún 1903, láìpẹ́ ilé iṣẹ́ Thermos sì ń tà á káàkiri ayé. Dewar lọ sí ilé ẹjọ́, kò sì rí ẹ̀tọ́ kankan gbà.

Síbẹ̀ a bu ọlá fún un. A fi oyè Sir dá a lọ́lá ní ọdún 1904. Nígbà ogbó rẹ̀ ó yí padà sí ìwádìí lórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọṣẹ ń ṣe, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ ṣeré, ó sì ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ kíkúnná tí ó ti kọ́ lára fàyólíìnì. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 27 oṣù March, ọdún 1923, ní ẹni 80 ọdún, tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, a lè rò pé fúláàsì tíì nìkan ni ogún tí ó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lọ sí gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń kọ́ ẹ̀rọ tí à ń pè ní ITER, lórí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2006. Wọ́n fẹ́ mú irú háídírójìn méjì tí ó wúwo ju ti ìgbàkúgbà lọ, kí wọ́n mú wọn gbóná títí dé ìwọ̀n 150 mílíọ̀nù, kí wọ́n lè para pọ̀ kí wọ́n sì mú agbára jáde bí ti inú oòrùn. Kò sí ìkòkò tí ó lè gba iná bẹ́ẹ̀. Nítorí náà òòfà ńláńlá ni yóò máa dì í mú láìfọwọ́ kàn án. Agbára tí àwọn òòfà náà nílò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wáyà lásán yóò gbóná, tí yóò sì jẹ iná mànàmáná bí ẹni jẹ iṣu. Nítorí náà wáyà tí kò ní ìdènà ni wọ́n lò, irú ti Leiden, tí a sì gbọ́dọ̀ máa fi hílíọ́ọ̀mù pa á mọ́ ní ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ òdo. Iná tí ó gbóná jù lọ àti òòfà tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀ yóò wà nínú ilé kan náà, tí mítà díẹ̀ péré yóò sì wà láàrin wọn.

Kí ni ó wá dé tí ooru kékeré fi di ọ̀rọ̀ ńlá níbẹ̀? Ìdí kìíní ni pé hílíọ́ọ̀mù olómi kò lè fara da ooru: ooru tí yóò mú lítà kan náítírójìn olómi hó gbẹ yóò mú nǹkan bí 60 lítà hílíọ́ọ̀mù hó gbẹ. Ìdí kejì ni pé láti kó ooru wáàtì kan kúrò nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìta yóò ná agbára tí ó lé ní 200 wáàtì. Gbèsè kékeré ni, ṣùgbọ́n èlé rẹ̀ pọ̀. Bí wọn kò bá ṣọ́ra, ẹ̀rọ tí a kọ́ láti fún ayé ní agbára yóò fi agbára rẹ̀ tán sórí òtútù ara rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò irin kan tí gíga rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 29 mítà, tí a ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde: fúláàsì Dewar ni, tí ó ti tóbi tó ilé alájà púpọ̀. Láàrin ibi gbígbóná àti àwọn òòfà, wọ́n to àwọn àwo irin kan tí gáàsì hílíọ́ọ̀mù ń mú tutù dé nǹkan bí 193 nísàlẹ̀ òdo. Àwo yìí ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ olómi ṣe ní Leiden. Ìtànṣán láti ara ohun tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀ kò ju ìdá kan nínú nǹkan bí 200 ti èyí tí ń jáde láti ara ògiri yàrá wa lọ. Fàdákà sì ni àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ yàn láti fi kun ojú àwọn àwo náà, bí Dewar ti fi kun gíláàsì rẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń fa gáàsì kúrò níbẹ̀, èédú èèpo àgbọn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara irin tútù.

Àwọn ilẹ̀kùn mìíràn wà tí Dewar kò mọ̀. Wáyà tí ń gbé iná mànàmáná láti ìta wọlé ń gbé ooru pẹ̀lú, nítorí irin tí iná ń gbà kọjá dáadáa ni ooru ń gbà kọjá dáadáa. Nítorí náà, apá kan wáyà náà ni a fi irú ohun tí a ṣàwárí ní ọdún 1986 ṣe, èyí tí kò ní ìdènà fún iná mànàmáná bí kò tilẹ̀ tutù tó hílíọ́ọ̀mù, tí kì í sì í jẹ́ kí ooru kọjá púpọ̀. Bákan náà, ohun tí ń ti inú iná náà jáde wá a máa wọ ara òòfà lọ, ó sì ń di ooru nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yíyí agbára òòfà sókè sílẹ̀ ń mú ooru wá. Ooru wọ̀nyí kì í wá déédéé. Ó ń rọ́ wá bí èrò ọjọ́ ọjà, ó sì tún ń lọ sílẹ̀. Nítorí náà àwọn ẹ̀rọ amútùtù, tí a ṣe kí wọ́n lè kó ooru 75,000 wáàtì kúrò nínú òtútù náà, gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń pín ẹrù ọjọ́ ọjà ká gbogbo ọ̀sẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò sì lọ láìsí ìfàsẹ́yìn. Ní ọdún 2022 wọ́n kéde pé àwọn páìpù tí ń mú àwo irin wọ̀nyí tutù ti ń sán, nítorí ìdọ̀tí tí ó ní chlorine nínú tí ó kù sí ìdí wọn nígbà tí a ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní láti tú ohun tí wọ́n ti tò, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ihò tí ojú kò lè rí ti tó láti ba òfìfo jẹ́. Bí òfìfo bá sì bàjẹ́, gbogbo ilẹ̀kùn ti ṣí. Wọ́n ṣì ń kọ́ ẹ̀rọ náà. Ní ọdún 2024 wọ́n gbé ètò tuntun jáde pé ọdún 2034 ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún ìwádìí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwa tí a ń múra láti jẹ́ olùkọ́, ẹ̀kọ́ méjì ni a rí nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí. Èkíní ni pé kò fojú kéré ohun kékeré. Ó ka ọ̀nà tí ooru ń gbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí ni iṣẹ́ rẹ̀ fi dúró lẹ́yìn tí ó ti kú ní ohun tí ó lé ní 100 ọdún. Èkejì ni pé nígbà tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ooru, ó ti í mọ́ ènìyàn pẹ̀lú. Kò fi iṣẹ́ lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kò bá alábàáṣe pín àṣírí, kò bá ọ̀tá rẹ̀ rẹ́. Hílíọ́ọ̀mù sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni Leiden tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó gba adé, igò Dewar ni ó sì fi gbà á. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ìṣọ́ra Dewar, kí a sì kọ́ ọwọ́ ṣíṣí ti Leiden mọ́ ọn. Nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.